Ọ̀sẹ̀ Tí Ìyá Mi Fi Sùn ní Yàrá Ìyá Àgbà

Amọ̀ ṣì gbẹ mọ́ ìgúnpá Ìyá Àgbà nígbà tó wọ yàrá bàbá mi, tó gbé ìrọ̀rí ìyá mi jáde. Ó gba àgbàlá kọjá láàárín àwọn ìkòkò tútù tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, ó gbé ìrọ̀rí náà sórí ẹní nínú yàrá tirẹ̀, níbi tí èmi náà máa ń sùn. Òórùn àkàrà ìṣínu ti gba gbogbo agboolé. Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Mo rò pé bàbá mi ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Ìyá bàbá mi ni Ìyá Àgbà, ìkòkò ló ń mọ. Ìró igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu amọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀, pọ́, pọ́, pọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì kánjú kí wọ́n ṣí i. Èéfín tó fi ń sun ìkòkò kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Bí mo bá rántí ilé wa n'Ílọrin, inú èéfín yẹn ni mo ti máa ń rí i, tí ohun gbogbo ń rọra lọ, tí ojú ọ̀run pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Dókítà ní ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi dáadáa, pé bí oyún mìíràn bá yára dé, ó lè bá a lọ. Bàbá mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Ọ̀fà Garage, sunkún lọ́jọ́ náà lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n já àbúrò mi lẹ́nu ọmú, nọ́ọ̀sì fún ìyá mi ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró. Kó tó fún un, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó bi í bóyá orí máa ń fọ́ ọ débi tí ojú rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú tó sì dùn ún rí. Hóró kan lójúmọ́ ni, ní àkókò kan náà. Àárọ̀ ni ìyá mi mú, kó máa fi kókó gbígbóná lé e.

Àbúrò mi kì í rí nǹkan kó má fi sẹ́nu, nítorí náà Ìyá Àgbà mọ ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí, ó gbé e sórí pẹpẹ gíga nínú yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn náà ń gbé. Aládùúgbò wa kan gbọ́, ó wá tọrọ díẹ̀.

"Ṣé gúgúrù ni?" Ìyá Àgbà bi í. "Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru! Lọ bá nọ́ọ̀sì, kó fún ẹ ní èyí tó bá ara rẹ mu."

Ààwẹ̀ wá dé. Ìyá mi kò lè gbé nǹkan mì láàárọ̀ mọ́, ojú sì ń tì í láti bi àfáà. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé lílo oògùn náà di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Bàbá mi ti rìnrìn àjò ṣáájú kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà gbé ìkòkò kékeré náà sọ̀kalẹ̀ láti nu eruku ara rẹ̀, tó rí àwọn hóró tó yẹ kó ti kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì.

"Kí lo fi wọ́n sílẹ̀ fún?"

"Ààwẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé oòrùn kì í wọ̀ ni? Wàláhì, ìrọ̀lẹ́ òní ni bàbá ọmọ ẹ ń bọ̀ o!"

Kò dúró fọ amọ̀ ara rẹ̀ tán. Èmi, òun àti ìyá mi la jọ lọ bá nọ́ọ̀sì, bí ọ̀rọ̀ wọn kò tilẹ̀ yé mi nígbà náà. Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní kí ìyá mi lo èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó fò ní kíá tó bá ti ṣínu, kó fi ìyókù tó fò sílẹ̀, kó wá máa lo hóró kan lójoojúmọ́ títí sáṣẹ́ẹ̀tì á fi tán. Ṣùgbọ́n àfi tó bá lò ó fún ọjọ́ méje gbáko láì fò ni kó tó gbára lé e. Títí dìgbà náà, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jìnnà síra, tàbí kí wọ́n lo rọ́bà ìdáàbòbò. Ó jọ pé rọ́bà wà fún àwọn tí kò ní ìyá ọkọ nílé, nítorí bí a ti délé ni Ìyá Àgbà wọlé lọ gbé ìrọ̀rí.

Ládàánì pe ìrun Mọgaribi. Omi tí ìyá mi fi ṣínu náà ló fi gbé oògùn mì. Kò pẹ́ ni bàbá mi wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó wo yàrá rẹ̀, ó wo ti ìyá rẹ̀, ó rí ìrọ̀rí níbẹ̀.

"Màmá, kí ni ìyàwó mi ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ti fo oògùn ẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní. O ṣáà ń gba ààwẹ̀ oúnjẹ, gba èyí náà mọ́ ọn."

Bàbá mi fẹ́ fèsì. Ohùn Ìyá Àgbà wá rọ̀. "Èmi ni mo di ọwọ́ ọmọbìnrin yìí mú lọ́jọ́sí. Ó tutù ju amọ̀ lọ. Mi ò fẹ́ di irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú mọ́."

Bàbá mi gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó bu àkàrà jẹ.

Inú mi kò dùn rí bíi ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Àárín àwọn méjèèjì ni mò ń sùn: òórùn èéfín ní ẹ̀gbẹ́ kan, òórùn òrí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú òkùnkùn, n kò sì mọ ìgbà tí oorun máa ń gbé mi lọ. Bí ládàánì bá ti pè nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á ti na ife omi sí ìyá mi, á dúró títí á fi gbé e mì. Nígbà tí ọjọ́ pé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìrọ̀rí padà, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo sunkún.

Ìyá Àgbà ti lọ báyìí. Ìkòkò kékeré náà ti di tèmi, orí pẹpẹ gíga ló wà, oògùn tèmi ló wà nínú rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìpè Mọgaribi níbikíbi, ọwọ́ mi á ti máa wá ife omi. Bí ó bá sì jẹ́ àsìkò ààwẹ̀, bí ládàánì bá ti dákẹ́ báyìí, fóònù mi á dún, ìyá mi ni.

"Ṣé o ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, Màmá."

N kì í pa fóònù náà. Màá máa gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mu omi ìṣínu tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí á fi mu ún tán.