Ooru Dóńgóyárò

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí àrùn kòrónà, ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìdánwò àṣejáde ló kù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọn yóò ṣe é. Ní abúlé wa lẹ́yìn Akínyẹlé, mo gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ọmọ náà má kọjá àgbàlá. Mo ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ohunkóhun má baà bá wa lójijì.

Ẹ̀gbẹ́ rédíò yẹn náà ni ọmọ mi ti ń kàwé. Ojú ewé kan ṣoṣo ló ń kà láti àárọ̀. Ó ń fi eyín gé èékánná títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

“Mọ́mì, tí wọn ò bá ṣe ìdánwò yẹn mọ́ ńkọ́?”

“Wọ́n á ṣe é.”

“Tí wọ́n bá wá ní ọ̀la ni ńkọ́? Mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ìròyìn ṣe parí, ó di àyà mú, ó ní èémí òun kò délẹ̀. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná. Kò húkọ́. Síbẹ̀, mo se ewé dóńgóyárò bí a ti ń ṣe fún ibà, mo gbé ìkòkò síwájú rẹ̀, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo òun àti ìkòkò. Ó ń sunkún nínú ooru, èmi ń sọ pé, “Fà á símú dáadáa.”

Ìyá ọkọ mi ló wọlé, wọ́n ká aṣọ náà kúrò.

“Ìyàwó, ṣé o fẹ́ sè é jẹ ni?”

“Ìyá, kò lè mí ni.”

“Ta ni yóò mí lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?” Wọ́n pa rédíò. “Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ bó pákí.”

Mo mú ìbòmú àti ọṣẹ, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ti jókòó jìnnà síra wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Akọ̀wé, kí ni wọ́n kọ́ yín nípa pákí?”

Ọmọ mi jókòó, ó mú ọ̀bẹ àti pákí kan. Ó ní gbòǹgbò ni pákí, pé iṣu kì í ṣe gbòǹgbò ní tirẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ ló wú nínú ilẹ̀.

“Yéè! Ṣé gbòǹgbò ni mo ti ń bó látọjọ́ yìí?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣàlàyé lọ, ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró. Mo dúró tì í, mo ń ṣọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

“Mọ́mì, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ bá wa bó o.”

Mo jókòó, mo mú ọ̀bẹ.

“Ẹ rọra o, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ẹ máa gé ara yín.”

Nírọ̀lẹ́, ó ní ebi ń pa òun. Wọn kò tíì sọ ọjọ́ ìdánwò. Mo tẹ ẹ̀bà, mo sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.