Ọ̀run Kọ́ Ni Wọ́n Lọ

Nígbà tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá fírísà ìyá mi dọ́gba, ní Hartstown níbí náà, kírénì pọ̀ lójú sánmà Dublin ju ẹyẹ lọ. Ilé ni wọ́n ń kọ́ lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ wà, bàbá mi ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Coolock láràárọ̀, kò sì kùn. Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n nínú àwa ọmọ Yorùbá tó dàgbà ládùúgbò yìí, èmi ni àgbà, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èdè mi nù.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Yorùbá ń wọ etí mi, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gba ẹnu mi jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti fi orúkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo wá pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, n óò ní mi ò gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́sẹ̀ kan ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé èèyàn mẹ́ta lọ sí ilé kan tí wọ́n kọ́ sí òfurufú, tó ń yí ayé po láìdúró. Tíṣà wa fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe gbéra. Ó wá ní lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwa tí a ní èdè mìíràn nílé fi èdè náà ròyìn ìrìn àjò yẹn fún kíláàsì, kí àwọn ará ilé wa sì wá gbọ́. Inú mi bàjẹ́. Níwájú àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín gan-an ni mo ti máa la ẹnu!

Ìyá bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn. Ó ti Ìsẹ́yìn wá bá wa tọ́jú àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan àfi "grand", tí àwọn ará ibí fi ń sọ pé "dáadáa ni", tó kọ́ lẹ́nu aládùúgbò wa. Mo bá a ní kíṣìnnì pé kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Mo ní, "Màmá, àwọn èèyàn mẹ́ta ti lọ sí ọ̀run."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Ìnnàlílláhì, ó káwọ́ lérí, ó ń bi mí bóyá ọmọdé ni wọ́n, bóyá mọ́tò ló pa wọ́n. Èmi rò pé kò gbọ́ mi dáadáa ni. Mo fi kún un pé wọ́n á padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ó ní, "Ta ló lọ sọ́run rí tó padà wá jẹun?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tí ọ̀rọ̀ yé e tán, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ó ní òfurufú ni kí n máa pè é, pé ọ̀run kì í ṣe ibi tí à ń lọ tí à ń bọ̀. Ó fà mí jókòó. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn, àti ibi tí èèyàn á kọjú sí tó bá fẹ́ kírun níbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn, pé àwọn kan ti wà nínú ilé náà tí wọ́n ń retí wọn. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì jù ni mo fò yẹn. Kí ni àwọn àlejò sọ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà? Àbí wọ́n kàn wọlé bí ewúrẹ́ tí kì í kágò? Mo ní wọn kì í dúró nílẹ̀ níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń léfòó. Ó ní kí wọ́n léfòó o, kí wọ́n ṣáà ká orúnkún kò kí wọ́n kí ará ilé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti ìyá mi wá, ó wọ kóòtù bàbá mi lé ìró àti bùbá. Nígbà tó kàn mí, mo bọ́ síwájú. Mo rò pé kí n kúkú parọ́ pé mo ti gbàgbé. Àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá bàbá mi lẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni pé òun ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó di àga mú.

Mo ní, "Àwọn èèyàn mẹ́ta ti lọ sí òfurufú." Ó mí kanlẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn mi mú àwọn èèyàn mẹ́ta náà dé ẹnu ọ̀nà ilé òfurufú, mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, mo ní, "Ẹ kú ilé o."

Ìyá bàbá mi ò lè mú un mọ́ra. Ó dìde lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà wa ní kí n túmọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí a tún un ṣe, kí gbogbo kíláàsì jọ dáhùn. Ọmọkùnrin tó máa ń fi orúkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ló pariwo "Ẹ káàbọ̀" jù. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ọmọ. Mo rìn lọ sílé bí ẹni pé èmi ni mo wa rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, a dúró lórí koríko iwájú ilé, nítorí tíṣà ti sọ àkókò tí wọ́n máa kọjá. Ilé òfurufú náà yọ láti ìwọ̀ oòrùn, ó mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ lọ, kò sì ṣẹ́jú. Ìyá bàbá mi juwọ́ sí wọn, ó kí wọn kú ilé. Aládùúgbò wa yọjú, ó béèrè bóyá kò sí wàhálà. Màmá dá a lóhùn pé "grand".

Ayé ti yí. Fóònù yín ń sọ ìṣẹ́jú tí ilé náà máa kọjá, ẹ ò sì ní gbójú sókè. Ọmọ Yorùbá kún kíláàsì yín, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yín ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń dá mi lóhùn. Ìyá bàbá mi ti lọ. Ọ̀run ni òun lọ, mi ò ṣì í pè. Kò sí pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìdí nìyẹn, bí mo bá tibi iṣẹ́ dé tí mo ní "Ẹ kú ilé o", tí mo fi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù, títí n óò fi gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu yín.