Ọmọbìnrin Aláfẹ́fẹ́ Tó Kúnlẹ̀

Èmi ni mo ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Mùíbátù ní Sàǹgó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní oníbàlúù. Ẹ jọ̀ọ́, bàlúù ni èyí tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ fún ọmọdé. Ère ni Mùíbátù ń ṣe. Á gé aṣọ agboòrùn àti ọ̀rá tó nípọn, á rán wọn pọ̀, á wá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i nídìí. Ohun tó wà nílẹ̀ bí aṣọ tí a fẹ́ fọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde títí á fi ga ju òrùlé lọ. Ó ti ṣe ìgò ọṣẹ, ó ti ṣe àkùkọ, ó ti ṣe bàtà tí ọkùnrin mẹ́ta lè jókòó sínú rẹ̀. Orí mi máa ń wú bí ẹni pé èmi ni mo rán an. Òwú mi kúkú ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà fún un, bàbá rẹ̀ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Bàbá Àmọ̀dá ti ń ránṣọ ní Adó-Odò, ọwọ́ wọn sì ni Mùíbátù ti kọ́ṣẹ́. Bí ọmọ-iṣẹ́ wọn bá fẹ́ gba fúrídọ̀ọ̀mù, wọn kì í se ìrẹsì, wọn kì í pe èrò. Ọmọ náà á kúnlẹ̀, Bàbá á fi téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á ní, "Dìde, télọ̀." Ó parí. Mùíbátù kò gba tirẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́fà kó parí ẹ̀kọ́ ló lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára, níbi tí wọ́n ti ń rán àpò ìrẹsì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi Bàbá léèrè ọmọ wọn, wọ́n á ní arán-àpò ni. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ère, wọ́n ní àpò náà ni, pé afẹ́fẹ́ ló kàn rọ́pò ìrẹsì. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dun Mùíbátù wọra. Àìmọye ìgbà ló sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun ń fẹ́ lọ́wọ́ bàbá òun ju téèpù yẹn lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ère tó kọ́kọ́ ṣe ló tún da iyọ̀ sí ọgbẹ́ náà. Ọkùnrin gàgàrà kan ni, ó wọ agbádá, wọ́n gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta àga. Wọ́n mú iná lọ, ni ọkùnrin náà bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè sí àwọn oníbàárà. Ìròyìn náà ti dé Adó-Odò kí Mùíbátù tó ká aṣọ rẹ̀ tán. Ẹlòmíràn á ní kí oníbàárà lọ ra jẹnẹrétọ̀. Mùíbátù kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Máyọ̀wá," ó ní, "èmi kọ́ ni mo ni iná, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni aṣọ. Bó ṣe máa wólẹ̀, èmi ni mo máa gé e."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àlàájà Mọ̀nsúrát, tó ní ilé ìwé kan ní Ọ̀tà, fẹ́ ṣe ayẹyẹ ogún ọdún ilé ìwé náà. Ó ní kí Mùíbátù ṣe akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó gbé ìwé dání, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù méjì gbáko ni Mùíbátù fi ṣe é, orí eékún ló sì lo èyí tó pọ̀ jù sí. Á ní kí n kúnlẹ̀, kí n dìde, kí n tún kúnlẹ̀, òun á máa wò mí, á máa wọ̀n mí, títí mo fi bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀. Ó dá ihò sí ẹ̀yìn eékún ère náà kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè kọ́kọ́ jáde bí ẹ̀rọ bá kú. Ó fi aṣọ pín inú rẹ̀ sí méjì ní ìbàdí kí afẹ́fẹ́ òkè má tètè lọ. Ó wá di iyanrìn sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Àmọ̀dá wá sí ayẹyẹ náà. Kì í ṣe tìtorí ọmọ wọn o, àwọn ló ń ránṣọ fún ọkọ Àlàájà. Wọ́n jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n kọ̀, wọn kò wo ère náà. Àlàájà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú oòrùn ọ̀sán ni wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dákẹ́. Mùíbátù di ọwọ́ mi mú, ó sì fún un débi pé ó dùn mí.

Eékún ọmọbìnrin náà rọ̀. Ó tẹ̀. Ó rọra ń lọ sílẹ̀, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí ó fi kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó sì tẹrí ba. Àwọn ìyá tó wà níjókòó ti dá a lóhùn pé pẹ̀lẹ́, ọmọ, o ṣeun, kí wọ́n tó rántí pé aṣọ ni.

Bàbá dìde. Wọ́n lọ sídìí ère náà, wọ́n yí etí aṣọ ibi ihò ẹ̀yìn eékún padà, wọ́n wo inú rẹ̀ bí télọ̀ ṣe máa ń wo iṣẹ́ télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mùíbátù ti ká etí aṣọ méjèèjì wọnú ara wọn, ó sì rán an lẹ́ẹ̀mejì. Bí Bàbá ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́ wọn láti rán ìdí ṣòkòtò nìyẹn, kó má baà ya lójú èèyàn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà lọ, wọ́n tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹni tó rán èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Mùíbátù wí, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère rẹ̀.

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa téèpù jáde. Wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Mo ti ń sunkún ní tèmi, ojú kò sì tì mí.

"Dìde, télọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì dìde. Èkejì ṣì kúnlẹ̀, ó ń dúró de iná.