Òórùn Àdín Lára Ọmọ Mi

Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé òmìnira, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo kì í sùn ní yàrá wa. Yàrá ìyá àgbà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ni ó ń sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni ó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kíláàsì alẹ́ dé, tí mo rí i pé ìyá náà ti ti ilẹ̀kùn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé odò Ọya ni ó ya èmi àti ọmọ mi.

Odoakpu, nínú ìlú Onitsha, ni à ń gbé, ní ìsàlẹ̀ ilé àyágbé kan tí àwọn télọ̀ àti àwọn kápẹ́ńtà yí ká. Èmi àti ọkọ mi ń ta aṣọ ní ọjà ńlá. Ìwọ̀ Oòrùn ni a ti wá, ogun kò sì tíì wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ìgbò tí mo gbọ́ tó fún nínájà. Ọmọ mi ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni a bí i sí, Ìgbò sì yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àwa àgbàlagbà nínú ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí wa. Bíbélì Yorùbá nìkan ni mo lè kà, mo sì ti pinnu pé n óò ṣe ìdánwò ìwé kẹfà kí ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti ọjà dé, n óò dáná, n óò wẹ̀, n óò sì lọ. Ìyá àgbà yìí ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa mójú tó ọmọ. Opó ni, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n sì ti fọ́n ká. Mama Nnukwu ni ọmọ mi ń pè é, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń pe ìyá àgbà wọn. Èmi ni òun ń pè ní Nwunye anyị, ìyàwó wa, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ mi. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀fọn kì í gbé yàrá obìnrin yìí. Ìkòkò ẹfinrin méjì wà lójú fèrèsé rẹ̀, ó sì máa ń kọjá lára wọn, yóò fi ọwọ́ ra ewé wọn kí òórùn wọn lè jáde. Ó ń sá èèpo ọsàn sí orí páànù títí yóò fi gbẹ, yóò sì fín in nínú àpáàdì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbọ́kàn lé jù ni àdín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dín èkùrọ́ rẹ̀ títí òróró náà yóò fi dúdú. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sí orí àpótí, yóò gbé ọmọ mi sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì fi òróró náà pa á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbé òórùn yẹn wọlé, mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kì í gbé àdín wọ ilé bàbá bàbá mi. Èṣù wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, àdín sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi pa ara, ìta ni yóò ti wẹ̀ kí ó tó wọlé. Onígbàgbọ́ ni mí, wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá mi kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n imú mi kò tíì ṣe ìrìbọmi. Mo sọ fún ọmọ mi pé òróró yìí kò gbọdọ̀ wọ yàrá wa. Mo fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi mọ́, ẹ̀fọn ti sọ ojú rẹ̀ di kókókókó.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti kíláàsì dé, ó ti sùn sórí ẹní ìyá àgbà. Ìyá náà ní kí n má jí i, kí ẹ̀fọn má baà jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́ ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ̀, ó ti di àṣà.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè jowú nítorí ọmọ bí ó ti ń jowú nítorí ọkọ. Bí ọmọ náà bá wọlé wá ní òwúrọ̀, òórùn ọwọ́ obìnrin mìíràn ni yóò kọ́kọ́ kí mi. N óò wẹ̀ ẹ́, n óò fi ìpara olóòórùn dídùn tí mo rà ní ọjà pa á, òun yóò sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Bí ó bá ṣubú ní àgbàlá, ilẹ̀kùn kejì ni yóò sá lọ. Obìnrin ará ilé wa kan, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní ọjà, tún wá fi iyọ̀ sí ojú egbò. Ó na ìgàn aṣọ kan wò, ó ká a padà, ó ní, “Ọmọ yín kí mi ní Ìgbò lánàá. Mo ní, ọmọ ta ni ẹ́, ọmọ dáadáa? Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kejì.” Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, ọmọdé kò mọ nǹkan.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn bí mo ti ń ro ìṣirò. Mo rí i pé ẹ̀fọn ni ó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Bí mo bá lé ẹ̀fọn, ọmọ yóò padà. Tíṣà wa, tí ó ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó, máa ń sọ pé ẹni tí ó bá yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, mo mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹfinrin ni mo kọ́kọ́ gbìn. Gbogbo àgbàlá ni ó mọ̀ pé bí mo bá tọrọ, ìyá àgbà yóò ya ẹ̀ka kan fún mi, ṣùgbọ́n mo rìn dé ọ̀nà Iweka lọ ra tèmi. Ó dín ẹ̀fọn kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbógun ti ìdun, nítorí mo fẹ́ kí ibùsùn náà dára ju ẹní ẹlòmíràn lọ. Mo tú pákó ibùsùn síta, mo da omi híhó sí gbogbo ojú àsomọ́ rẹ̀, mo sì sá bẹ́ẹ̀dì wa sí oòrùn gbígbóná títí koríko inú rẹ̀ fi gbẹ táútáú. Mo po eérú mọ́ ata gígún, mo wọ́n ọn sí kọ̀rọ̀ nítorí aáyán. Ọkọ mi sín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá òun náà wà lára àwọn tí mo fẹ́ lé jáde.

Síbẹ̀, ẹ̀fọn kò tán. Nígbà tí tíṣà kọ́ wa pé inú omi tí ó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ti ń dàgbà, ni mo délé tí mo gbé àtùpà wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ wa. Nítorí eèrà, mo ti fi ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà sínú agolo mílíìkì tí mo bu omi sí. Tanwíjí kún inú agolo kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jó sókè sódò. Èmi fúnra mi ni mo ń sìn wọ́n. Mo da omi náà nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo sì fi eérú rọ́pò rẹ̀. Eèrà kò gun eérú náà, ẹ̀fọn kò sì rí ibi yé ẹyin sí mọ́. Nígbà tí mo wá fi èèfín èèpo ọsàn àti ewé dogoyárò kún un, yàrá wa dákẹ́. Ọkọ mi ń sùn láìbora, ó ń hanrun. Àyè ọmọ ṣófo láàárín wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ bá ìyá àgbà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi bí ẹni to àròkọ. Ó ń pa èkùrọ́ lórí òkúta, ọmọ mi sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa ọmọ èkùrọ́ kúrò nínú èèpo. Mo dúpẹ́ ìtọ́jú, mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí yàrá, mo sì fi kún un pé kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀ mọ́, nítorí náà ó tọ́ kí ọmọ wá máa sùn lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Kò dá pípa èkùrọ́ dúró.

“Nwunye anyị, ta ni ó di ọmọ rẹ mú?”

“Ẹ̀yin ni, Mama. Orí ẹní yín ni mo ń bá a.”

“Ọmọ yìí ní kí n fi òróró pa òun, mo fi pa á. Ó ní ìyá òun ní òróró náà kò gbọdọ̀ wọ yàrá wọn. Níbo ni kí n wá gbé e sí? Ṣé kí n sá a sórí okùn aṣọ?”

Àwọn télọ̀ tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo ní kí ó má fi òróró pa á mọ́, nígbà náà. Ìyá àgbà gbé òkúta sílẹ̀, ó sì bi ọmọ náà ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá kí òun má fi òróró pa á mọ́. Ọmọ mi kàn sún mọ́ orúnkún obìnrin náà, ó ń ṣa èkùrọ́ rẹ̀ lọ.

Mo padà sínú yàrá mi tí ó mọ́ tónítóní. Ohun tí ó wà níwájú mi kò ṣòro láti rí: bí òfin ilé bàbá bàbá mi bá dúró, ọmọ mi kò ní wọlé. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí n kì í yára fi ohun tí mo bá láyé sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó yí ara padà, ó ní, “Ìyá Ọmọ, Èṣù bàbá bàbá rẹ kò lówó ọkọ̀ dé Onitsha.” N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí kò sí kíláàsì, mo kan ilẹ̀kùn kejì, mo sì ní kí ìyá àgbà jọ̀wọ́ kọ́ mi bí a ti ń fi òróró náà pa ọmọ. Kò sí ẹ̀kọ́ alẹ́ kankan tí ó le tó ìyẹn.

Ó ní kí n jókòó kí n máa wò. Ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì bò ó títí ó fi gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí. Kò kánjú. Ó mọ ibi tí àpá kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi tí èmi kò mọ ìgbà tí ó débẹ̀. Ó mọ̀ pé bí a bá kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, ó sì ń dá ẹ̀gbẹ́ náà sí fún ìkẹyìn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń fẹ́ gé wọn, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ tèmi.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ ń wọlé wá sùn pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Bí mo bá ti kíláàsì dé, n óò gbé e kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò sì tẹ́ ẹ sí àárín wa. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn tán, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ń gbé.

Ìyá àgbà wá lọ sí abúlé rẹ̀ fún ìsìnkú. Mo fi kíláàsì ọjọ́ náà sílẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn. Mo jókòó sí orí àpótí nínú yàrá wa, mo gbé ọmọ mi sí àárín ẹsẹ̀ mi, mo da àdín sí ọwọ́, mo dúró kí ó gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí. Mo dá ẹ̀gbẹ́ sí. Kí n tó dé orúnkún, orí rẹ̀ ti ń wọ́ sí àyà mi, ojú rẹ̀ ti pa dé. Ó sọ ọ́ ní Ìgbò, láìlajú, pé, “Mama Nnukwu, ó ti tó.”

Mo lè pè é ní orúkọ tí mo sọ ọ́. Mo lè jí i kí ó wo ojú mi. Mo dá a lóhùn ní Ìgbò pé kí ó máa sùn, mo sì pa ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó kù.