Ọkọ̀ Òfurufú Méje ti Bàbá Ṣigéò

Kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ní Cheverly, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nípa ọjọ́ tí Bàbá Ṣigéò, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, àti Mùtàlíbù sùn gbalaja sílẹ̀ ní pálọ̀ tí wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Mùtàlíbù, ọmọ Ìbàdàn tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá, ọmọ Japan tó fi ọkọ̀ òfurufú jagun lójú òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gbà pé ẹni tó bá tẹrí ba jù ló mọ̀wà hù jù. Kò ní gbà kí ọmọdé ta òun yọ. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, títí òun náà fi kanlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde!”

“Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dìde.”

“Èmi kẹ̀? Kí n dìde kí àgbà wà nílẹ̀?”

Anna, ọmọbìnrin Bàbá tó gba Mùtàlíbù síṣẹ́, wọlé bá wọn, ó rò pé àwọn méjèèjì ti kú. Ó pe 911. Ọkùnrin mẹ́rin ló wá gbé wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà ṣáájú èkejì.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n dọ̀rẹ́. Lọ́sàn-án, wọn a jókòó sí fàráńdà. Bàbá a dijú, a na ọwọ́ méjèèjì bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú, òrùlé àdúgbò a sì máa rọra lọ sísàlẹ̀ lójú rẹ̀, títí gbogbo ayé á fi dákẹ́.

“Mùtàlíbù, ìkùukùu ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì. Di àga rẹ mú.”

Mùtàlíbù a dì í mú. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń pín lẹ́tà ní kí wọ́n wá fọwọ́ síwèé. “Ẹ ní sùúrù,” ni Mùtàlíbù wí, “a ò tíì balẹ̀.”

Bí àwọn ológun bá ń sọ ìtàn ogun, ọ̀tá wọn a máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni. Ti Bàbá ń dín kù. Ọkọ̀ òfurufú méje ló ti sọ fún gbogbo èèyàn pé òun fi ìbọn já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì tí Mùtàlíbù débẹ̀, mẹ́rin ló sọ fún un. Nígbà tí òtútù dé, ó ku ọ̀kan, ìyẹn náà sì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n méje yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún Anna. Láti kékeré ló ti ń ro ti àwọn ọkùnrin méje tó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn àti ìyá wọn. Ó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì í. Ó sì ń dun Bàbá gan-an.

“Mélòó gan-an ni, Bàbá?” Mùtàlíbù bi í.

“Kò sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn. Mo wọ inú ìkùukùu, ó funfun, ó dákẹ́, ó rẹwà débi pé mo gbàgbé pé ogun ń lọ. Ìgbà tí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni mo padà. Ọ̀gá bi mí pé mélòó. Ẹ̀rù bà mí, mo ní méje.”

“Ẹ sọ fún Anna.”

“Ojú ń tì mí.”

“Ojú ń tì yín pé ẹ ò pààyàn?”

Bàbá sọ fún Anna. Anna fa àga, ó jókòó tì í. Ó ní, “Dádì, báwo ni inú ìkùukùu yẹn ṣe rí?”

Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, wọn ò balẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni Bàbá nígbà tó sùn tí kò jí mọ́. Níbi ìsìnkú, aládùúgbò kan bi Anna pé kí ni bàbá rẹ̀ ṣe nígbà ogun.

Anna gbórí sókè, ó ń yangàn. “Bàbá mi? Kò ṣe nǹkan kan. Nǹkan kan báyìí, kò ṣe é.” Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí omijé fi gbà á, Mùtàlíbù sì dì í mú.