Àwòrán tí Ìyá Àgbà Kọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé wa ní Òfin, mo ń yá oòrùn àárọ̀, nígbà tí nǹkan dún "kẹ́ṣẹ́" lẹ́bàá etí mi. Fóònù Ràmọ́tà, ọmọ ọmọ mi, ni. Ó ti yà mí ní fọ́tò kí n tó tún gèlè mi ṣe.

"Màmá, ẹ wò ó! Ẹ̀yin nìkan lẹ hàn, gbogbo ẹ̀yìn yín ti di rúrú. Ó mà dáa o!"

Òótọ́ ni. Gbogbo ibi tí ojú mi ti hunjọ ló hàn, títí kan irun àgbọ̀n kan tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó wà lẹ́yìn mi ti di èéfín, ìyá Ràmọ́tà tó ń sá aṣọ sórí okùn sì ti di àbàwọ́n lásán. Bí mo ṣe rí i bẹ́ẹ̀, Yétúndé ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọmọ tíṣà ará Ìsarà kan ni Yétúndé. Bàbá rẹ̀ háyà yàrá ní ilé wa nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ilé náà, obì gbànja ló sì ń tà. Lásìkò obì, òórùn obì tútù a máa gba inú ilé àti ìta. Bí a bá ti ilé ìwé dé, èmi àti Yétúndé á jókòó ti agbọ̀n kan náà, a ó máa bó awọ obì, a ó máa ṣa pupa sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, ẹnu mi sì yá ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà, lójú tèmi, iṣẹ́ wa dọ́gba. Bí mo bá pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa ń fi bo ẹnu, torí pé obì ti pa ìka rẹ̀ láró. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí Ìyá Àgbà fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó ránṣẹ́ pe ayàwòrán àdúgbò, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fọ́tò, kó wá ya gbogbo ará ilé. Ìyá Àgbà jókòó níwájú, àwa ọmọ dúró tẹ̀ lé e, àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé wa. Àwọn tó ń bá a bó obì àti àwọn ayálégbé wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá àwọn agbọ̀n. Ibẹ̀ ni Yétúndé wà. Ojú ọjọ́ ṣú lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí fọ́tò dé, èèyàn lè ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà tó wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Àwa tó tẹ̀ lé e ṣú díẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ṣú jù wá lọ, àwọn ará ẹ̀yìn sì di kùrukùru. Bàbá Fọ́tò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó hàn, Ìyá."

"Kí rèé?" ni Ìyá Àgbà wí. "Àwọn tá a jọ ń bó obì dà? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ padà wá yà á."

Bàbá Fọ́tò kò jiyàn. Ó ṣàlàyé pé ihò kan wà lójú kámẹ́rà: bí òun bá ṣí i gbòòrò, ẹni tí òun dojú rẹ̀ kọ nìkan ni yóò hàn, bí òun bá fún un kéré, tiwájú tẹ̀yìn á jọ hàn. Ó ní kí a fún ojú wa, kí a wo igi ọ̀ọ́kán, a ó rí i pé á hàn kedere sí i. Gbogbo ilé fún ojú bí ẹni tí èéfín ìdáná kó sí lójú. Ṣùgbọ́n ihò kékeré ń fẹ́ oòrùn tó mú dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mira. Ó di ìgbà tí ojú ọjọ́ bá là.

Ojú ọjọ́ ò là o. Òjò ń rọ̀ ṣáá. Àárín òjò náà ni ìjọba gbé bàbá Yétúndé lọ sí ilé ìwé mìíràn, wọ́n sì ní ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù wọn ti ń bọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń jáde wo sánmà, tí mo ń bẹ Ọlọ́run kí oòrùn ṣáájú ọkọ̀ náà dé. Ọkọ̀ ló ṣáájú. Oòrùn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, Bàbá Fọ́tò sì wá. Nínú fọ́tò kejì, gbogbo ilé ló hàn, títí kan ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè. Yétúndé nìkan ni kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, mo wá a dé Ìsarà, wọ́n ní wọ́n ti kó kúrò, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n kó lọ.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà kọ̀, èmi ni mo mú un pamọ́. Mo wọlé lọ mú un wá fún Ràmọ́tà, mo bi í bóyá fóònù rẹ̀ lè mú kí ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn hàn. Ó fi fóònù ya fọ́tò náà, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ojú kan sì yọ kedere. Ọmọ náà rẹwà. N kò rí i rí láyé mi. Fóònù ti wá ojú mìíràn fún ọ̀rẹ́ mi, ó sì ti mú ẹ̀yìn ọwọ́ tó fi bo ẹnu lọ́jọ́ náà kúrò.

Mo ní kó pa á rẹ́ kíá. Rúrú tèmi tẹ́ mi lọ́rùn: bó ti wù kó ṣú tó, mo ń rí ọwọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín.

Ní ayé ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń dúró de oòrùn mọ́ kó tó ya fọ́tò. Mo sọ fún Ràmọ́tà pé kó tún mi yà, kó má fi ohunkóhun ṣe rúrú, mo sì ké sí ìyá rẹ̀ pé kó kọjú sí wa.

"Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ aṣọ, Màmá," ni ìyá Ràmọ́tà wí.

Mo ní kó má pààrọ̀ nǹkan kan. Kó ṣáà dúró síbẹ̀, níbi tí mo ti lè máa rí i.