Ṣíbí Edé Kan

Tí ẹ bá bi mí, mo máa sọ fún yín pé edé kì í ṣe ẹran. Kì í ṣe ẹja náà. Edé, edé ni. Nílé wa, tí wọ́n bá ní ọbẹ̀ kan ò ní nǹkan kan nínú, edé á ti wà níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹran ò sí níbẹ̀. Mo gbé ìmọ̀ yìí wọ London pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀ òfurufú.

Nílé tí mò ń gbé ní Yarnton Way, ìyá ará Íńdíà kan ló wà ní fúláàtì ìsàlẹ̀ mi. Mummy ni mò ń pè wọ́n, torí wọ́n tó bí mi. Béètì làwọn náà ń pè mí, ìyẹn ọmọbìnrin lédè wọn. Lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ilé wọn tà ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, nínú họ́ọ̀lù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tavy Bridge. Gbogbo owó tó bá wọlé ń lọ sí ilé ìtọ́jú tí bàbá náà dákẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò jẹ́ kó jẹ ìrora, àwọn ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí àwọn lè gbà dúpẹ́.

Bí mo ṣe dé ilé ìdáná wọn ò le rárá. Mo bá wọn gbé àpò àlùbọ́sà láti Plumstead High Street lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n jókòó mu tíì, kí n tó mu ún tán mo ti ń gé àlùbọ́sà. Látìgbà náà, tí mi ò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà. Òfin wọn ò pọ̀. Ẹran ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná wọn, ẹja ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹyin gan-an ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ìkejì, a kì í tọ́ oúnjẹ wò lórí iná. Wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ síwájú àwòrán Ọlọ́run wọn, lórí pẹpẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu. Imú ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó. Àmọ́ látìgbà tí kòrónà ti mú wọn, wọn ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, ni wọ́n bá sọ fún mi pé, "Béètì, imú rẹ ni imú mi báyìí."

Àwọn ìyá arúgbó kan wà tí wọ́n jọ ń lọ sí tẹ́ńpìlì, tí wọn kì í jẹun níta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti Mummy nìkan ni wọ́n ń jẹ, torí wọ́n mọ irú ìdáná tó ti wá.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, Mummy lọ wẹ̀, wọ́n fi mí sídìí ìkòkò. Dáàlì ló wà lórí iná, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ó ń hó pẹ̀lú ata ilẹ̀ pupa. Mo gbóòórùn ẹ̀, mo ní há à, kí lèyí? Mo yọ́ ṣíbí bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ wà, ata wà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ lẹ́nu. Ta ló mọ ọbẹ̀ sè tó lè dúró ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó kàn fọwọ́ lẹ́rán? Mo sáré gòkè lọ sí fúláàtì mi, mo bu ṣíbí kan nínú edé lílọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, mo dà á sí i, mo rò ó pọ̀. Mi ò rò pé mo ń ṣẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣàánú ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, kò sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo tún tọ́ ọ wò. Ó dùn, mi ò ní parọ́.

Mummy jáde, wọ́n bu dáàlì sínú abọ́ kékeré, wọ́n gbé e síwájú àwòrán náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń sọ fún un? Mo ń sọ fún un pé ohunkóhun tó lójú rí kò sí nínú oúnjẹ yìí."

Mo rántí edé gbígbẹ lórí atẹ, bí a ṣe máa ń ṣà á nílé, tí ojú dúdú bíńtín méjì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mò ń kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé níbi iṣẹ́ pé lágbájá ò gbọdọ̀ jẹ edé, torí ara rẹ̀ ò gbà á! Mo la ẹnu, mo pa á dé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyẹn ni mo fi tan ara mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Imú kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, tèmi sì ni.

A gbé oúnjẹ dé họ́ọ̀lù, àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tẹ́ńpìlì ló wà níwájú. Ó na abọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbákọ wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ náà ò gbéra. Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." Mo mú wọn lọ sẹ́yìn, mo sọ ọ́. Edé ni. Ṣíbí kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Wọn ò pariwo. Wọ́n béèrè pé, "Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ ń wẹ̀."

"Kí n tó gbé e fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Lẹ́yìn náà wọ́n jáde sí àwọn èèyàn, wọ́n ní dáàlì ti bàjẹ́, ẹ̀bi àwọn ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fara mọ́ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyá iwájú yẹn ní kò sí wàhálà, ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ wọn wá, òun á jẹ ẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gòkè wá kan ilẹ̀kùn mi. Ìkòkò náà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló rà á lọ́dún tí àwọn dé London, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fi dáná fún Ọlọ́run mọ́. "Ìwọ mú un. Fi se ọbẹ̀ rẹ." Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ò bínú. Mo gbà wọ́n gbọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e pé, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọṣọ láàárọ̀, mo jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bí ọbẹ ṣe ń kan pátákó nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń dá gé àlùbọ́sà púpọ̀. Mo dúró dè wọ́n pé wọ́n á pè mí, títí mo fi gbọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ, tó ń yí gba ẹnu ọ̀nà lọ sí họ́ọ̀lù.